Mísà Ọpẹ́ fún Ihò Mẹ́ta

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
6 Oṣù Kẹta, 1994

Màmá mi,

Ẹ kú ojúmọ́ o, tàbí ẹ kú alẹ́, n kò mọ ìgbà tí póòsì máa gbé èyí dé Pópó Àgùdà. Ẹ kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ara mi ya díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ mọ̀ pé ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tí mo bá ti kúrò ní iléèwé. Aṣọ ibùsùn tútù la máa ń fà jáde nínú ẹ̀rọ, ó sì máa ń wúwo gan-an. Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń fa ọ̀kan, nǹkan já mi nínú níbi tí itan ọ̀tún ti pàdé ikùn. Nígbà tó di alẹ́, ibẹ̀ ti yọ kókó bí ẹyin adìyẹ. Tí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Tí mo bá wúkọ́, á yọjú.

Ìpá ni, Màmá. Họ́níà ni wọ́n ń pè é níbí. Dókítà tó yẹ̀ mí wò tún sọ pé iṣan tó lọ sí kórópọ̀n òsì mi ti wú, ó ti lọ́ mọ́ra, ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ó ní àwọn máa tún méjèèjì ṣe lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò ní là mí. Ihò kékeré mẹ́ta ni wọ́n máa dá sí ikùn mi. Wọ́n á ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀kan, wọ́n á máa wo inú mi nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á wá fi irinṣẹ́ gígùn ṣiṣẹ́ láti ojú méjì tó kù. Iṣẹ́ tuntun ni. Wọ́n ní mo lè máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

N kò bẹ̀rù. Ká sòótọ́, n kò ro nǹkan kan. Mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé fún mi, mo padà síbi iṣẹ́.

Ẹ má tíì sọ fún Morẹ́nikẹ́, èmi fúnra mi máa kọ̀wé sí i. Ẹ kàn bá mi kí i tó bá wá kí yín. Ìdána wa ti oṣù Kejìlá kò yẹ̀.

Ọmọ yín,
Fisáyọ̀


Pópó Àgùdà, Èkó
29 Oṣù Kẹta, 1994

Fisáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ẹ̀wà tí a máa fi se fùrèjọ́n ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ ni mo ń ṣà nígbà tí lẹ́tà rẹ dé. Àwo ẹ̀wà náà wà lórí itan mi títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò mọ èyí tó jẹ́ òkúta mọ́ nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń fún ọ ní aṣọ tútù fà? Ìwé la ní kí o lọ kà. Mo mọ̀ pé o máa ní kí n má bínú, mo sì ń bínú. Ọmọ tí n kò jẹ́ kó gbé korobá omi láti ẹ̀yìnkùlé! Ihò mẹ́ta wo sì nìyẹn? Láti kékeré ni mo ti ń ránṣọ, n kò tíì rí ẹni tó gba ojú bọ́tìnnì tún inú aṣọ ṣe. Ọwọ́ dókítà wo ló máa wọ ibẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi ìwọ ọmọ àlejò kọ́ṣẹ́?

Mo ka lẹ́tà náà fún bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ìpá ni, ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò sì wọlé títí oúnjẹ fi tutù. O mọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó máa ń bá igi sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ.

Gbọ́, tí wọ́n bá ṣe é tán, ya fótò ojú ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí n kò bá fojú mi rí i, n kò ní sùn. Má sì gbàgbé àdúrà Sánta María tí ìyá mi àgbà kọ́ ọ. Kà á kí wọ́n tó gún ọ ní abẹ́rẹ́ oorun, kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá jí.

Ìyá rẹ tí kò lè jẹun,
Theodora


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
24 Oṣù Kẹrin, 1994

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde o. Ẹ kú ìfẹ́ mi. Wọ́n ti ṣe é, mo sì ti wà nílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà, mo sùn lọ láàárín rẹ̀. Nígbà tí mo jí, plásítà mẹ́ta ló wà lára mi, ọ̀kan ní ìdodo, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ikùn kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Èjìká ló dùn mí. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn mi kí wọ́n lè rí ọ̀nà ló ń wá ibi tó máa gbà jáde.

Ẹ bi mí bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń lẹ orúnkún ṣòkòtò iléèwé wa láti inú, kó má baà hàn síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n fi àwọ̀n kékeré kan lẹ ibi tó lu, wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ kàn án mọ́lẹ̀. Iṣan tó wú náà, wọ́n dè é pa kí ẹ̀jẹ̀ gba ibòmíràn. Dókítà ní irú iṣan bẹ́ẹ̀ máa ń dí ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ ọmọ bíbí, pé òun máa tún mi yẹ̀ wò tó bá yá. Kò sọ pé ó ti dí mi lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ibì kan wà níwájú itan ọ̀tún mi, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó ti kú. Mo ya á léèékánná, n kò mọ̀ ọ́n lára. Mo bu omi gbígbóná sí i, bákan náà. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé iṣan kan há sábẹ́ irin tí wọ́n fi kan àwọ̀n náà. Ó lè jí, ó sì lè má jí. Kò dùn mí. Mo kàn máa ń fọwọ́ kàn án lálẹ́ bíi pé itan ẹlòmíràn ni.

Fótò tí ẹ ní kí n yà nìyí. Ṣàíbù ọmọ Ọ̀fin tí a jọ ń gbé yàrá, tí a sì jọ ń ṣiṣẹ́, ló bá mi yà á. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Fisáyọ̀


Pópó Àgùdà, Èkó
22 Oṣù Karùn-ún, 1994

Fisáyọ̀ mi àtàtà,

Mo kí ọ pẹ̀lú ayọ̀ ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì! A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé ni, n kò tíì tú gèlè tí mo fi jókòó kọ èyí.

Fótò rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo wò ó títí. Ihò mẹ́ta bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ! N kò fi han ẹnikẹ́ni, bàbá rẹ nìkan ló rí i. Ó mú un lọ sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́, ó dá a padà fún mi.

Mo gba Mísà ọpẹ́ fún ọ lónìí. O mọ bí Dáfídì kátíkíìsì ṣe máa ń kà á fún gbogbo èèyàn, "fún àánú tí a rí gbà", bí ọkàn ènìyàn ṣe rí ni yóò máa rò ó, Ọlọ́run pàápàá kò ní mọ èwo ni tiwa. Mo ní ti ọmọ mi kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ fún un dáadáa, ó sì kà á bí mo ṣe kọ ọ́: "Septimus àti Theodora ń dúpẹ́ fún Michael Fisáyọ̀, ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Ọlọ́run yọ nínú ìpá apá ọ̀tún àti iṣan tó wú ní kórópọ̀n apá òsì, láti ojú ihò mẹ́ta, láìsí ewu." O mọ ohùn Dáfídì, ó dé ìta gbangba. Gbogbo ìjọ ní Àmín. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ dìde wá dì mọ́ mi. Mo sunkún ọpẹ́.

Àǹtí Angela, àbúrò bàbá Morẹ́nikẹ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Mo juwọ́ sí i, àmọ́ ó ti lọ kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn. Bóyá ó gbé nǹkan ka iná.

Bàbá rẹ nìkan ni n kò mọ ohun tó ṣe é. Bí a ṣe délé ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Mo bi í léèrè, ó ní kò sí.

Ìyá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Theodora


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
12 Oṣù Kẹfà, 1994

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà yín dé. Mo ka ibi tí kátíkíìsì ti kà á, mo tún un kà, mo ki í bọ àpò, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣe iṣẹ́ mi, mo padà wálé.

Ó yẹ kí inú bí mi. Mo ń wá ìbínú náà, n kò rí i. Ó bá ibi tó kú ní itan mi lọ.

Ṣàíbù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun kí kátíkíìsì.

Morẹ́nikẹ́ kò kọ̀wé sí mi mọ́ láti ìgbà Mísà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi, ẹ má bò ó.

Fisáyọ̀


Pópó Àgùdà, Èkó
3 Oṣù Keje, 1994

Fisáyọ̀,

Mo kí ọ. O kò kí bàbá rẹ nínú lẹ́tà rẹ, o kò sì kọ "ọmọ yín" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí i.

Ṣé mo jalè ni? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí ọmọ mi sí, ó wá di ẹ̀ṣẹ̀. Fótò lo ní kí n má fi hàn, o kò ní kí n má dúpẹ́. Àìsàn ni, ìwọ kò rà á lọ́jà. Bí mo ṣe ń sọ fún ara mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, àmọ́ ọkàn mi kò gbà á.

O ní kí n má bò ó. Bàbá Morẹ́nikẹ́ wá síbí, òun àti Àǹtí Angela. Wọ́n jókòó, wọn kò mu omi. Ó ní òun kò ní ìjà pẹ̀lú wa, pé èèyàn dáadáa ni ọ́, àmọ́ ọmọ òun obìnrin kan ṣoṣo nìyí, ará Ìjẹ̀bú lòun, ẹbí òun ń retí ọmọ-ọmọ. Àǹtí Angela ló wá là á mọ́lẹ̀: "Ìyá Fisáyọ̀, ẹ má bínú o, we have to be sure. Ọkùnrin tí wọ́n ti fọwọ́ kàn lábẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ta ló mọ ohun tó kù níbẹ̀?" Wọ́n ní kí dókítà rẹ kọ̀wé pé o lè bímọ. Tí ìwé náà kò bá dé kí oṣù Kẹsàn-án tó tán, wọ́n máa jẹ́ kí Morẹ́nikẹ́ gba ẹlòmíràn tó ti ń wá a láti ọjọ́ yìí.

Bàbá rẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò la ẹnu. Mo fẹ́ lù ú.

Morẹ́nikẹ́ ń sunkún nílé wọn, ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Wọn kò jẹ́ kó wá síbí mọ́. Jọ̀ọ́, lọ gba ìwé náà kíákíá.

Ìyá rẹ náà ni mí ṣá,
Theodora


Pópó Àgùdà, Èkó
31 Oṣù Keje, 1994

Fisáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí epo, kò sí mọ́tò, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá póòsì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà dá wáí láti ibí títí dé apá Ìgà. Mo ń fi èyí rán obìnrin kan tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bá bàbá rẹ sọ ọ́. Ṣáà kọ nǹkan kan.

Theodora


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
14 Oṣù Kẹjọ, 1994

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Lẹ́tà yín méjèèjì dé. N kì í ṣe ẹni tó ń bá yín jà. Mo ń dúró de èsì dókítà ni.

Wọ́n ní kí n gbé àtọ̀ wá nínú ike kékeré kan. Mo gbé e lọ lábẹ́ ẹ̀wù kí ó má baà tutù, nínú bọ́ọ̀sì, láàárín àwọn èèyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà dókítà pè mí. Ó fi ìka tọ́ka sí iye kan lórí ìwé. Ó kéré. Kì í ṣe òdo, ó kéré ni. Ó ní nísinsìnyí tí wọ́n ti dí iṣan náà, ó lè pọ̀ sí i títí di ọdún tó ń bọ̀, ó sì lè dúró síbi tó wà. Mo ní ṣé ó lè kọ̀wé pé mo máa bímọ. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní òun kò lè kọ ìlérí fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà kò sí ìwé, Màmá. Mo jókòó sí ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì mi kọjá, n kò dìde. Òmíràn tún kọjá. Kì í ṣe pé mo ń sunkún. N kò rí ìdí tó fi yẹ kí n dìde ni.

Mo ti kọ̀wé sí Morẹ́nikẹ́ lónìí. Mo sọ iye náà fún un. Mo ní kó má dúró dè mí mọ́, kó gba ẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ bẹ ẹnikẹ́ni nítorí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹun tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí. Mo kí Bàbá.

Ọmọ yín,
Fisáyọ̀


Pópó Àgùdà, Èkó
4 Oṣù Kẹsàn-án, 1994

Fisáyọ̀, Fisáyọ̀, Fisáyọ̀,

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí di òní n kò rí lẹ́tà kankan gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò lè dúró de ìgbà tí o bá fèsì.

Lánàá, bàbá rẹ jí, ó wẹ̀, ó wọ kóòtù funfun rẹ̀ ti ọdún ìgbéyàwó wa. Ó ní kí n gbé gèlè, pé à ń lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, sílé àwọn Morẹ́nikẹ́. Mo ní kí la ń lọ ṣe láìsí ìwé dókítà lọ́wọ́. Ó ti bọ́ síta. Kò sí mọ́tò, ẹsẹ̀ la fi rìn. Ó ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ ti ògiri, á fọwọ́ kejì di abẹ́ ikùn rẹ̀ mú. Èmi mọ ohun tó ń dì mú. Ìwọ kò mọ̀.

Bàbá rẹ ní ìpá, Fisáyọ̀. Ó ti ní in kí n tó fẹ́ ẹ. Bẹ́líìtì kan wà tó máa ń dè mọ́ ọn lábẹ́ aṣọ, aláwọ, tó ní tìmùtìmù kékeré níwájú. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. Inú yàrá ni mo máa ń sá a sí, lábẹ́ yẹ̀rì mi, kí ará ilé má baà rí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ̀. Nígbà tí kò bá wọn gbé àga Bíṣọ́ọ̀bù wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lọ́dún kan, tí àwọn èèyàn ní ìgbéraga ni, ìpá ni. Ó jẹ́ kí wọ́n pe òun ní agbéraga.

A dé páálọ̀ wọn. Bàbá Morẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀, Àǹtí Angela wà níbẹ̀, àgbà méjì láti Ìjẹ̀bú-Igbó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú wa. Bàbá rẹ kò jókòó. Ó tú bọ́tìnnì kóòtù, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tú nǹkan, ó fà á jáde, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì wọn láàárín àwọn ìgò. Bẹ́líìtì yẹn. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, mo gbọ́ pé ìpá ń bà yín lẹ́rù. Tèmi nìyí. Mo ti ń gbé e kiri kí n tó bí àkọ́bí mi. Mo bí ọmọ márùn-ún, Fisáyọ̀ ló kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ mí wò, mo dúró síbí."

Ọkùnrin tí kò lè sọ pé inú ń run òun lójú èèyàn! Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn mú, kó má baà yọ. Àgbà kan nínú wọn wo ilẹ̀. Bàbá Morẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bẹ́líìtì náà, ó gbé e fún un. Ó ní, "Ẹ dákun, sà, ẹ wọ̀ ọ́ padà. Ẹ máa sọ mí di èèyàn burúkú." Àǹtí Angela ní, "Ẹ̀gbọ́n, it's okay, ó ti tó." Wọ́n ní ká máa múra ìdána wa. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìwé dókítà mọ́.

Ti bàbá rẹ ni mo fi pamọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé wa. Tìrẹ ni mo ní kí Dáfídì fi ohùn rẹ̀ kà. Ìyẹn ni mo ń rò lójú ọ̀nà bí a ṣe ń bọ̀, ojú sì tì mí. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Ìyá rẹ,
Theodora


Pópó Àgùdà, Èkó
25 Oṣù Kẹsàn-án, 1994

Fisáyọ̀,

Bàbá rẹ ló ń kọ ọ́. O mọ̀ pé n kì í kọ̀wé. Ìyá rẹ kò lè kọ ọ́ ní báyìí. Ara rẹ̀ dá, oúnjẹ ni kò jẹ láti ìgbà tó ti ka lẹ́tà rẹ.

Wọ́n ti fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà sílẹ̀, póòsì sì kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà síta. Lẹ́tà tí o kọ sí ìyá rẹ àti èyí tí o kọ sí Morẹ́nikẹ́ dé lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn lẹ́yìn tí mo ti lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Morẹ́nikẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó lórí pákó. Ó ní kí n ka lẹ́tà rẹ̀. Mo ní lẹ́tà rẹ̀ ni, kò kàn mí. Ó wá fi ẹnu sọ ọ́ fún mi. Ó mọ iye náà. Ó ní ìyẹn, òun lòun máa rò ó wò, òun kò fẹ́ kí bàbá òun tàbí ìwọ bá òun rò ó. Ó ní òun fúnra òun máa sọ ọ́ fún bàbá òun. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣé torí pé o kò fẹ́ ẹ mọ́ lo ṣe kọ ọ́, àbí torí iye yẹn? Tó bá jẹ́ pé o kò fẹ́ ẹ, á lọ, kò sí ìjà. Tó bá jẹ́ torí iye yẹn, ó ní kí o wá sílé ní Kérésìmesì, kí o wá sọ ọ́ lójú òun. Mo ní mo máa bi ọ́. Mo ti bi ọ́ báyìí.

Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì dùn ọ́. Mo mọ̀ pé ìpá kọ́ ni ìṣòro rẹ, iṣan ni. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ìpá nìkan ni mo ní tí mo lè fi hàn wọ́n.

Tèmi ti wúwo jù. Mo ti rí dókítà kan níbí. Kò ní kámẹ́rà, ọ̀bẹ ló ní, á là á, á fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Káfíńtà ni mí, n kò gba ẹni tó ń ti ojú ihò ṣiṣẹ́ gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wo fótò rẹ, iṣẹ́ wọn mọ́. Oṣù Kìíní ló dá fún mi. Tí o bá wà nílé, wàá bá mi gbé báàgì.

Fèsì sí èmi.

Septimus, bàbá rẹ


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
16 Oṣù Kẹwàá, 1994

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà, lórí ilẹ̀ ibi ìfọṣọ, Ṣàíbù jẹ́rìí. Ibẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà Màmá tó sọ ti bẹ́líìtì. Mo jókòó sáàárín àwọn aṣọ tútù, mo sunkún títí ọ̀gá fi wá béèrè ta ló kú nílé. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ti pẹ́ tí mo ti sunkún, Bàbá, mo ti rò pé n kò ní lè sunkún mọ́.

Ibi tí mo sọ fún yín ní itan mi ṣì kú. Dókítà ní ó jọ pé kò ní jí mọ́. Mo máa gbé e wálé bẹ́ẹ̀.

Èsì tí ẹ ní kí n fọ̀ nìyí. Torí iye yẹn ni. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ, láti ọjọ́ tó ti ń wá ránṣọ lọ́dọ̀ Màmá ni mo ti fẹ́ ẹ. Ẹ sọ fún un pé mo máa sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, kí Kérésìmesì tó pé ni mo máa dé. Oṣù Kìíní máa bá mi nílé. Èmi ni mo máa gbé báàgì yín, kò ní wúwo ju aṣọ tútù lọ.

Ẹ sọ fún Màmá pé n kò bínú, pé kó jẹun. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan. Tó bá fẹ́ gba Mísà nígbà tí mo bá dé, kó gbà á. Kí Dáfídì kàn ka orúkọ mi àti ti Morẹ́nikẹ́, kó sì pa ẹnu dé.

Ọmọ yín,
Fisáyọ̀